Ẹni tó ń bá wa wo kíríkẹ́ẹ̀tì

Àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ kóòdù nínú yàrá kan ní Yábàá kì í ṣe ọmọ kíríkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la fi dàgbà. Àwọn ará Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló kó o ràn wá. Lọ́jọ́ tí Íńdíà bá ní ìdíje, ẹ lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀, kẹ́ ẹ má rí èsì títí ilẹ̀ á fi ṣú. La bá ní ká wo nǹkan tó ń gbé ọkàn wọn lọ báyìí. Kì í ṣe ìwé òfin ló kọ́ wa ní eré náà, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ni. Ìdí nìyẹn tínú fi máa ń bí wa tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn gbàǹjo-gbàǹjo.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń kọ kóòdù máa ń kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, comment la ń pè é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á kọ ìlà kan tó fi ení kún iye kan, á tún wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé "a fi ení kún un." A ti rí i, ojú wa ò fọ́! Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ìdí tó fi fi ení kún un. Irú comment yẹn ni ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ń ṣe lóde òní. Bọ́ọ̀lù fò kọjá ààlà, wọ́n á pariwo pé bọ́ọ̀lù ti fò kọjá ààlà. Lórí rédíò, iṣẹ́ gidi nìyẹn, torí olùgbọ́ ò rí nǹkan kan. Ernest Okonkwo, tó sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí di "Mathematical", rédíò ló ti ń ṣe é, ojú rẹ̀ sì làwọn bàbá wa fi ń wo pápá. Tẹlifíṣọ̀n ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ yìí jù lójú tiwa ni Richie Benaud, ọmọ Ọsirélíà. Ó gbá Test 63, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 248, ó sì ṣe balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kó tó di ohùn táyé mọ̀ lórí BBC àti Channel Nine. Tí àwòrán bá ti sọ ọ́, bàbá á dákẹ́. Lóṣù kẹsàn-án 2005, ní pápá The Oval ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń dágbére fáwọn òǹwòran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà ìkẹyìn. Àárín ìdágbére yẹn ló wà tí Glenn McGrath fi ju bọ́ọ̀lù tó wó igi Kevin Pietersen, ẹni tó ti gba 158 lọ́jọ́ náà. Benaud gé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Pietersen, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó padà sí ìdágbére tirẹ̀. A ti wo fídíò yẹn láìmọye ìgbà. Ẹlòmíì ì bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù dúró de òun.

A ò ní kí wọ́n máa ṣe bí ẹni tó wà nílé ọ̀fọ̀ o. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin 2016, ní Eden Gardens ní Kolkata, àwọn West Indies ń wá 19 nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà tó kù. Carlos Brathwaite gbá mẹ́rin àkọ́kọ́ tí Ben Stokes jù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fò jáde. Ian Bishop, ọmọ Trinidad, pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí a rántí orúkọ yẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn lóde àríyá á mọ ohun tó ṣe yẹn.

Èyí tó le jù ni ti Ian Smith, ọmọ New Zealand, ní Lord's ní ọjọ́ 14 oṣù keje 2019. Àṣekágbá ife àgbáyé ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti New Zealand gbá ọ̀mì, wọ́n fi bọ́ọ̀lù mẹ́fà mẹ́fà kún un, wọ́n tún gbá ọ̀mì. Wọ́n wá ka iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù dé ààlà: 26 sí 17. Bí ìlú Smith ṣe pàdánù nìyẹn, òun ló sì gbohùn mú. Ó kéde pé ìyàtọ̀ tín-ín-rín tí kò tún lè tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi borí, ó sì dárúkọ ìrora àwọn èèyàn tirẹ̀. Kò fi ẹ̀tanú bà á jẹ́. Àwa ò lè ṣe é, ẹ má tàn wá.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó fún ẹnu yẹn? Ibí lọ̀rọ̀ wa wà. Nígbà tí iléeṣẹ́ DLF tó ń kọ́lé ń ṣe onígbọ̀wọ́ IPL, bọ́ọ̀lù tó bá fò jáde kì í jẹ́ síìsì mọ́, "DLF maximum" làwọn àgbà òṣèré tí wọ́n ń gbọ́ ohùn wọn ń pè é. Tí ìpolówó bá wá láàárín eré, a lè dìde lọ bu omi mu. Èyí tó bá ti wọ ẹnu ẹni tó ń ṣàlàyé fún wa ńkọ́? Èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ gbà pé tirẹ̀ ni? Ní 2013, Ian Chappell kọ iṣẹ́ tí àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà fi lọ̀ ọ́, torí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń yan ikọ̀ àti bí àjọ náà ṣe ń ṣàkóso.

Harsha Bhogle ló ká wa lára jù. Kò gbá fún Íńdíà rí. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ló kà ní yunifásítì. Lóṣù kẹta 2016, òṣèré ńlá Amitabh Bachchan kọ ọ́ sórí Twitter pé ó yẹ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Íńdíà máa sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ju àlejò lọ. Kò dárúkọ ẹnì kankan, ṣùgbọ́n MS Dhoni tó jẹ́ balógun ikọ̀ tì í lẹ́yìn. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n yọ Bhogle nínú IPL, òun náà sì sọ pé wọn ò sọ ìdí fún òun. Ó padà nígbà tó yá. Ní 2019, lórí afẹ́fẹ́, ó ní ó yẹ kí wọ́n bi àwọn òṣèré bóyá wọ́n ń rí bọ́ọ̀lù aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dáadáa. Sanjay Manjrekar dá a lóhùn pé òun nìkan ló nílò láti béèrè, àwọn tó ti gbá eré mọ̀. Háà! Àwa náà ò gbá a rí o. Ìbéèrè wa ló ń bá wa béèrè.

Ìgbà tá a rí ohun tí ẹnu tó wà lómìnira lè ṣe, bọ́ọ̀lù kankan ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù keje 2020 ni, ní Southampton. Òjò ò jẹ́ kí eré bẹ̀rẹ̀, ni Michael Holding bá jókòó sílé iṣẹ́ Sky, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà àti ohun tí ilé ìwé ò kọ́ wa. Ó ní gbogbo ayé mọ Edison, ta ló mọ Lewis Latimer, ènìyàn dúdú tó mú bí wọ́n ṣe ń ṣe okùn kábọ́ọ̀nù inú gílóòbù iná dára sí i? Àwa tó jẹ́ pé ẹ̀rọ la fi ń jẹun, a ò mọ̀ ọ́n. Ojú tì wá díẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, àwọn ọmọbìnrin wa tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pé 19 na New Zealand ní Kuching, ní Malaysia, 65 sí 63. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a pa ohùn fídíò náà, a ní ká sọ ọ́ ní Yorùbá fúnra wa. Wíkẹ́ẹ̀tì di igi, ẹni tó ń jù ú di ajùbọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wa ṣáà ń pariwo "Ó ti jù ú! Ó ti gbá a!" Èkejì ní, "Bọ̀dá, a ti rí i." Nígbà tó ku bọ́ọ̀lù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó rántí sọ̀rọ̀ mọ́.