Ọjọ́ Ìdìbò Abẹ́lé: Ta Ló Tètè Dé Odò?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá tètè dé odò ló ń pọn omi tó tòrò. Òwe yìí kò yé mi dáadáa títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí a fẹ́ yan olórí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló jáde dupò. Nítorí pé gbọ̀ngàn wa kò lè gba gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pín ìdìbò sí ọjọ́ márùn-ún. JSS 1 dìbò ní ọjọ́ Ajé. Àwa SS 2 la kẹ́yìn, ní ọjọ́ Ẹtì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ka èsì fún wa lórí ìlà. Kó tó kàn wá, olùdíje méjì ti juwọ́ sílẹ̀, ẹni tí mo fẹ́ sì wà lára wọn. Mo dìbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò yan ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ṣe wá yìí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ráhùn sí ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tí yóò dìbò abẹ́lé fún ipò ààrẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Iowa àti New Hampshire ló máa ń ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ìpínlẹ̀ ńlá. Ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, owó àti ìròyìn á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹni tó bá kùnà lè palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó dìbò rárá. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ òṣèlú Democrats gbé South Carolina síwájú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí i padà pé ẹnì kan ní láti kẹ́yìn.

Ilẹ̀ Nàìjíríà náà ti dán irú rẹ̀ wò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, ẹgbẹ́ SDP àti NRC ṣe ìdìbò abẹ́lé ní ìpele-ìpele, àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣáájú àwọn mìíràn. Ariwo èrú gba ìlú kan. Ìjọba fagi lé gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn olùdíje 23 lọ jókòó sílé. Ètò tí wọ́n pè ní Option A4 ló rọ́pò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù, ó gba ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀, ó sì parí sí ìpàdé àpapọ̀. Ọ̀nà yìí ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá gbà di olùdíje SDP ní ìlú Jos ní oṣù kẹta ọdún 1993.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú ní ọdún 2022, torí pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá kó gbogbo aṣojú ìpínlẹ̀ jọ sí ojú kan nígbà náà, kò sì sí ìpínlẹ̀ tó ṣáájú èkejì. Mo gbà pé ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nínú ìdìbò abẹ́lé APC ní Àbújá ní ọdún 2022, aṣojú mẹ́ta ló wá láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 30 ló wà ní Ọ̀ṣun. Ènìyàn 90 péré, nígbà náà, ló dìbò lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà láti Iléṣà dé Ìwó. Mo rántí àwọn ọkọ̀ olóṣèlú tó ń kọjá ní Òkè-Fìà nígbà yẹn. Mo bi ìyá mi bóyá wọn yóò dúró ní ọjà. Ó ní, “Àwọn aṣojú ni wọ́n wá rí, ọmọ mi, kì í ṣe àwa.” Yorùbá sì ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, ti kọ́kọ́ fi ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2022 ṣe òpin ìdìbò abẹ́lé. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, wọ́n sún un di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà. PDP ti múra tán, wọ́n dìbò ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì yan Alhaji Atiku Abubakar. APC sún tiwọn síwájú, wọ́n sì dìbò lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ẹni tí wọn yóò bá dojú kọ. Kò sí ẹni tó rú òfin; PDP náà ìbá dúró bí wọ́n bá fẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìdánwò wò ó: bí olùkọ́ bá fi àkókò kún un nígbà tí àwọn kan ti ń kó ìwé wọn sílẹ̀, ṣé gbogbo wa ló jẹ nínú oore náà?

Òfin ìdìbò ọdún 2022 béèrè pé kí ẹgbẹ́ fi orúkọ olùdíje sílẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 180 ṣáájú ìdìbò. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2023 ni ìdìbò ààrẹ. Bí a bá ṣírò padà, a ó dé ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2022. Àyè wà, nígbà náà, láti dá ọjọ́ tó rọrùn láti ìbẹ̀rẹ̀, dípò kí a máa sún un nígbà tó ku ọ̀la.

Èrò tèmi rèé: kí gbogbo ẹgbẹ́ dìbò abẹ́lé ní ọjọ́ kan náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dìbò ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kí wọ́n má sì ka èsì ibì kan kí ibòmíràn tó dìbò tán. Wọ́n á ní owó rẹ̀ pọ̀, wọ́n á ní ìjà lè ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi owó ra ọkàn ènìyàn 90 ju ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ.

Ọmọ ọdún 16 ni mí. Nígbà tí mo bá pé 18, mo fẹ́ gba káàdì ìdìbò mi. Àdúrà mi ni pé, ní ọjọ́ tí mo bá tẹ̀ka, kí omi odò ṣì tòrò.