Ìṣègùn Kì í Ṣe Idán: Lórí Àwòrán Ara Ògiri Harlem Hospital

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹni tó bá dé New York nínú yín, kó má kàn ya fọ́tò iwájú Harlem Hospital kó máa lọ. Gíláàsì iwájú ilé yẹn lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ìjọba ń san owó iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán lábẹ́ ètò WPA. Charles Alston ló ṣe ọ̀gá fún àwọn tó kun ògiri ilé ìwòsàn yìí. Vertis Hayes wà níbẹ̀, Georgette Seabrooke náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́. Ní 1936, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn kọ mẹ́rin nínú àwòrán tí wọ́n gbé wá. Kí ni ẹ̀sùn wọn? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ènìyàn dúdú ti pọ̀ jù níbẹ̀, àti pé lẹ́yìn ọdún 25 Harlem lè má jẹ́ àdúgbò dúdú mọ́. Ẹ gbọ́ o! Àwọn ayàwòrán fárígá, wọ́n fẹ̀hónú hàn ní gbangba, wọ́n sì borí.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwòrán wọ̀nyí ṣá, wọ́n kun ọ̀dà bo àwọn kan. Kí wọ́n tó ṣí Mural Pavilion ní 2012 ni wọ́n ṣàtúnṣe wọn. Mo gbóríyìn fún un pé inú ilé ìwòsàn náà ni wọ́n fi wọ́n sí, níbi tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ti lè rí wọn.

Níbo wá ni ẹjọ́ mi wà? Iṣẹ́ Hayes, *Pursuit of Happiness*, ni wọ́n sọ di ńlá sára gíláàsì. Ìtàn àkàsọ̀ ni: láti abúlé Áfíríkà, kọjá oko ẹrú, dé ọ̀dọ̀ dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlú ńlá. Ẹni tó ń kọjá lójú títì á rò pé abúlé jẹ́ ibi tí èèyàn ń sá kúrò.

Alston kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwòrán méjì ló ṣe bí ìbejì. Nínú *Magic in Medicine*, ère àwọn ará Fang dúró gedegbe láàárín ìlù, ijó àti àwọn tó ń wo aláìsàn sàn. Nínú *Modern Medicine*, Pasteur wà, Louis Wright, oníṣẹ́ abẹ dúdú, sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan kò ga ju èkejì. Orúkọ tó fún àkọ́kọ́ nìkan ni n kò gbà: lọ́dọ̀ wa, oníṣègùn yàtọ̀ sí onídán. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìbejì yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ kí èèyàn lójú títì. Títọ́jú àwòrán kò parí sí kí ọ̀dà má ṣí. Èyí tí a gbé síwájú àti èyí tí a fi sẹ́yìn, ìdájọ́ ni. Àwọn tó jà ní 1936 mọ̀ bẹ́ẹ̀.