Àṣẹ àti Ìbátan: Èèwọ̀ Ìbejì ní Ìbàràpá lójú Ìmọ̀ Àwọn Rábì

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí èèwọ̀ Yorùbá ni ó gbà pé àlàyé ti parí bí a bá ti rí àǹfààní tí èèwọ̀ ń ṣe, yálà fún ìlera tàbí fún ìtọ́jú ọmọdé. Èèwọ̀ ìbejì kò gba irú àlàyé yìí. Nínú àṣà tí a jogún, ìbejì kì í jẹ ẹran ẹdun, èyí sì kan Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, ìlú tí òkìkí ìbejì rẹ̀ kàn káyé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹran náà ló léwu, gbogbo ènìyàn ni ìbá jẹ́ èèwọ̀ fún.

Àwọn rábì Júù ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. Nínú Talmud, ìwé Yoma pín àṣẹ sí ọ̀nà méjì: èyí tí làákàyè ìbá fi lélẹ̀ bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́, bí àìjalè, àti èyí tí làákàyè kò rí ìdí rẹ̀, bí àìjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ìwé Sanhedrin fi kún un pé àṣẹ méjì tí a sọ ìdí wọn ni Sólómọ́nì gbójú lé ọgbọ́n ara rẹ̀ rú. Nínú Sifra, Elazar ọmọ Azariah kọ́ni pé kí ènìyàn má ṣe sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ń rí òun lára; kí ó gbà pé ó wu òun, ṣùgbọ́n Baba òun ọ̀run ti pàṣẹ.

Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín. Orúkọ náà Ẹdúnjọbí fi ìbejì àti ẹdun ṣe ìbátan. Ẹni tí ó jẹ ẹdun jẹ ẹbí ara rẹ̀. Gírámà pàápàá jẹ́rìí sí i. “Ìwọ kò gbọdọ̀” ń fẹ́ ẹni tí ó pàṣẹ. “Ìbejì kì í” ń sọ ohun tí ìbejì jẹ́. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962, fi ẹ̀sìn ṣe orísun ìwà. Ó tọ̀nà láti má fi àǹfààní nìkan wọn èèwọ̀, ṣùgbọ́n orísun kan ṣoṣo kò tó fún èèwọ̀ tí ó ń yàtọ̀ láti ìdílé dé ìdílé. Èèwọ̀ tí Ifá ń kà fún ọmọ nígbà àkọsẹ̀jayé ni ó sún mọ́ àṣẹ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ ìbejì Ìgbò-Ọrà lónìí. Bí onímọ̀ bá kọ́ wọn pé ìlera ni èèwọ̀ wà fún, ilé ìwòsàn ti gba iṣẹ́ èèwọ̀ nìyẹn. Bí a bá kọ́ wọn pé ìbátan ni, ìbéèrè tí ó kù wúwo jù: ta ni wọ́n ṣì gbà ní ẹbí?