Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Lámèyítọ́ Àkọlé àti Àlàyé Nínú Àfihàn Ère Ifẹ̀

Ìfáàrà

Láti ọdún 2009, bí 100 iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ gbéra kúrò ní Nàìjíríà, wọ́n lọ sí Spain, Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú mélòó kan ní Amẹ́ríkà. Àjọ NCMM, tí ó ń mójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀, wà lára àwọn tó ṣètò ìrìn àjò náà. Kì í ṣe ẹwà àwọn ère yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, nítorí pé ẹnu ti kò lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá wọn rìn ni a fẹ́ yẹ̀ wò: àkọlé àfihàn, orúkọ ère, àti èdè tí a fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Èrò wa ni pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí, ọwọ́ àwa olùkọ́ èdè ni iṣẹ́ náà sì wà.

Àkọlé Àfihàn

Àfihàn kan náà jẹ́ orúkọ méjì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní “Dynasty and Divinity: Ife Art in Ancient Nigeria”. Ní British Museum, lọ́dún 2010, ó di “Kingdom of Ife: Sculptures from West Africa”. Àkọlé àkọ́kọ́ dárúkọ ìdílé ọba àti òrìṣà. Nínú èkejì, òrìṣà ti pòórá, Nàìjíríà náà ti di Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àkọlé ti Amẹ́ríkà pàápàá ní àléébù tirẹ̀: nígbà tí wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère wọ̀nyí, láàrin ọdún 1100 sí 1500, kò tí ì sí ohun tó ń jẹ́ Nàìjíríà. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó dárúkọ Yorùbá. Ẹni tí kò mọ Ifẹ̀ rí kò lè ti ibẹ̀ mọ̀ pé ọmọ àwọn tó ni ère ṣì wà láyé, tí wọ́n ń jọba, tí wọ́n ń bọ òrìṣà, tí wọ́n sì ń sọ èdè kan.

Síbẹ̀, ibi tó dára ni a fi ń yin ènìyàn. Leo Frobenius, ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ lọ́dún 1910, so irú ọnà yìí mọ́ Atlantis, ìlú tí wọ́n ní òkun gbé mì. Kò gbà pé baba ńlá àwọn tí ó bá nílé ló ṣe é. Àfihàn tí à ń sọ yìí dá ọlá iṣẹ́ padà fún Ifẹ̀.

Orúkọ Ère

Àwọn ère kan wà tí ààfin Ifẹ̀ kò jẹ́ kí orúkọ wọn sọnù. Ìbòjú tí wọ́n fi bàbà ṣe ń jẹ́ Ọbalúfọ̀n, ọba tí ìtàn sọ pé òun ló mú iṣẹ́ yíyọ́ idẹ wá. Orí alámọ̀ kan ń jẹ́ Lájuwà, ìránṣẹ́ ààfin tí ìtàn sọ pé ó fi ẹ̀tàn gorí ìtẹ́. Ẹni tó gbọ́ orúkọ méjèèjì yóò béèrè ìtàn.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, hú àwọn orí onídẹ jáde. William Bascom kó méjì nínú wọn lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì dá wọn padà lọ́dún 1950. Ọ̀kan ti wà ní British Museum láti 1939. “Orí Wúnmọníjẹ̀” ni àwọn ìwé ń pè wọ́n, bí ẹni fi ibi tí a ti rí ọmọ sọ ọmọ lórúkọ.

Àwọn kan yóò sọ pé orúkọ gan-an ti sọnù, kí ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ì bá ṣe? Òótọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ hùmọ̀ orúkọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a lè sọ pọ̀. Fínnífínní ni ìlà tó wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn: àwọn onímọ̀ kan ní ilà ojú ni, àwọn mìíràn ní òjìji ìlẹ̀kẹ̀ adé tó bo ojú ọba ni. Ihò wà ní ọrùn àwọn kan. Frank Willett rò pé wọ́n ń fi í so orí mọ́ ara ère igi, bíi ti àkó tí wọ́n ń ṣe fún òkú ní Ọ̀wọ̀. Ilà, adé, àkó: ọ̀rọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀. Rowland Abíọ́dún ti fi ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2014 jà fún un pé ẹni tó bá pa èdè àti oríkì tì kò lè mọ ìtumọ̀ ọnà Yorùbá. A fara mọ́ ọn.

Ohun tí Ó Kan Àwa Olùkọ́ni

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Ẹnuwá ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1954. Yunifásítì ńlá sì wà nínú ìlú kan náà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ NCE wa ni yóò kó ọmọ lọ sí irú ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá kàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n ka Gẹ̀ẹ́sì ara ògiri, tí wọ́n sì ya fọ́tò, ìgbafẹ́ ni wọ́n ṣe, wọn kò kọ́ ẹ̀kọ́. Nítorí náà, a dábàá mẹ́ta:

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àlàyé ère kan ní Yorùbá, ní ìlà márùn-ún péré, kí ó tó fojú kan ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.
2. Kí ó ya ohun tí a mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí à ń méfò. Bí orúkọ bá ti sọnù, kí ó kọ ọ́ gbangba pé ó ti sọnù.
3. Kí ó ṣe lámèyítọ́ àkọlé àfihàn bí a ti ń ṣe ti ìwé ìtàn àròsọ: ta ni ó dárúkọ, ta ni ó fi sílẹ̀?

Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí Yorùbá. Abúlé tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ère Nok ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Igbo-Ukwu. Ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ló ní tirẹ̀ láti ṣe. Dídá ère padà sílé dára, ìjọba sì ni ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dídá ọ̀rọ̀ padà sí ẹnu àwọn tó ni ère kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni: kíláàsì wa la ti lè bẹ̀rẹ̀.