Fèrè Tí Kì í Ki Ẹnikẹ́ni

Nígbà tí bàbá mi kú, ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ sú mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó wá kí wa kò ní ibi nínú. Ohun tí àṣà ní kí wọ́n sọ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé, etí mi ti kún. Bí mo bá tan rédíò, orin ń sọ fún mi pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Olórin tí a pè sí ìnáwó ń da orúkọ mi pọ̀ mọ́ ti bàbá mi, ó ń retí kí n wá ná owó lé òun lórí. Kò síbi tí mo lè jókòó sí tí ẹnìkan ò ní máa kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣọ̀fọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Sùúrùlérè ní kí n wá sùn sílé òun. Ó gbé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan sórí ẹ̀rọ, ó pa iná, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwo John Coltrane tí wọ́n ń pè ní Ballads ni. Fèrè sakisofóònù, píánò, béèsì ńlá tí wọ́n ń gbé dúró, àti ìlù: ohun mẹ́rin péré, kò sí akọrin kankan. Orin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìdajì wákàtí lọ. Kí ó tó parí, omi ti ń bọ́ lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sunkún nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé, kí ló wà nínú orin jáàsì jẹ́jẹ́ yìí gan-an?

Mo gbé àwo náà fún ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ń lu dùndún. Ó fetí sí i dáadáa, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fèrè yìí dùn o, ṣùgbọ́n ta ló ń kì?"

Ìbéèrè gidi ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun èlò orin kì í déédéé dún. Èdè wa fúnra rẹ̀ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí dùndún fi lè sọ̀rọ̀. Bí onílù bá ti fún ọsán báyìí, lágbájá ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń wọ àpò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí afọnfèrè Amẹ́ríkà ṣe wù kó mọ̀ ọ́n fọn tó, fèrè rẹ̀ kò lè pe "Táíwò" kí Táíwò sì dáhùn.

Àmọ́ kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Orin ọlọ́rọ̀ ni orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà nínú àwo yẹn. Àwọn akọrin ti kọ wọ́n ṣáájú. Àwọn àgbà afọnfèrè sì ka ọ̀rọ̀ yìí sí. Lester Young gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń fọn orin mọ ohun tí orin ọ̀hún ń sọ. Dexter Gordon ní tirẹ̀ a máa ka díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin sétí àwọn èrò kó tó gbé fèrè sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹni tó ń fọn ọ́n. Èémí rẹ̀ nìkan ló ń bọ́ sí wa létí. À ń gbọ́ ibi tó ti dánu dúró, à ń gbọ́ ibi tó ti fa ohùn gùn, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó fà á fún wa. Àwọn àgbà ní, bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fi dá ọmọ onílù yẹn lóhùn nìyí: fèrè yìí kò ki ẹnikẹ́ni, torí náà kò sẹ́ni tó yọ sílẹ̀. Ìwọ tó ń gbọ́ ọ lo máa fi ọ̀rọ̀ tìrẹ sí i.

Ẹ má sì rò pé orin àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1939, Coleman Hawkins fọn Body and Soul sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní New York, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò pẹ́ tó fi orin tí àwọn èèyàn mọ̀ sílẹ̀ tó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn èèyàn rá a rẹpẹtẹ. Ben Webster tó kú ní 1973 ń kọ́? Bí tirẹ̀ bá fẹ́ parí, ohùn fèrè á ti lọ, atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́, bí ẹni tó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́.

Àwọn kan ń sọ pé orin tí kò lágbára ni, pé orin òtẹ́ẹ̀lì lásán ni. N ò gbà. Ní oṣù Kọkànlá 1961, ní Village Vanguard ní New York, Coltrane yìí kan náà fọn Chasin' the Trane fún ohun tó ju ìṣẹ́jú 15 lọ, bí ẹni tí iná ń jó. Oṣù náà gan-an ni òǹkọ̀wé kan nínú ìwé ìròyìn Down Beat kọ ọ́ pé irú orin tó ń ṣe lòdì sí jáàsì. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó fọn It's Easy to Remember, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọdún 1962 ló ṣe ìyókù. Ẹnu kan náà ni. Ẹni tó lágbára ariwo ló dìídì fi ariwo sílẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín o, àwo náà ní àléébù. Ìrìn àwọn orin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jù. Àfi All or Nothing at All tí ìlù Elvin Jones ti ru sókè. Bẹ́ ẹ bá fi etí kan gbọ́ ọ, oorun lè gbé yín lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo fèrè jẹ́jẹ́ ló dáa. Èyí tí wọ́n ń lù sí wa létí ní báǹkì àti nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, ṣúgà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ ni pé kí ẹ ṣọ́ ibi tí fèrè bá ti dákẹ́. Ti báǹkì ò jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà. Ó ti yára da nǹkan dí i. Ti Coltrane ń fi í sílẹ̀ fún yín.

Bàbá mi ò gbọ́ jáàsì rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó wá jókòó tì mí lójúde láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò bá mi wí, kò gbà mí nímọ̀ràn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ jẹun." Ohun tí àwo yẹn ṣe fún mi ní Sùúrùlérè nìyẹn.

Ọmọ onílù yẹn ti yá a lọ́wọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ wo nǹkan kan níbẹ̀. Oṣù kẹta rèé, kò tíì dá a padà.