Àwọ̀n Tó Gba Òkun Dúró

Ó máa ń ya àwọn ará Ìsẹ́yìn lẹ́nu pé ọmọ ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tèmi ń fi ìṣirò omíyalé Èkó jẹun. Kí ló wá yani lẹ́nu níbẹ̀? Nítòsí Ṣakí ni Odò Ògùn ti ṣẹ̀, ó gba Ìkéré kọjá lẹ́bàá wa, ọ̀sà Èkó ló sì ń wọ̀. Bí òkun bá ru, tí ọ̀sà kò ráàyè gba omi odò mọ́, Ìṣẹ́rí àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú ni omi náà ń yà sí.

Àwọ̀n ìṣirò ni mo ń hun. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣírò omi àfi tí a bá pín ojú omi sí wẹ́wẹ́; onígun mẹ́ta ni èmi ń lò. Lójú agbami, èyí tó fẹ̀ ní kìlómítà 5 ti tó. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí òkun gbà wọ ọ̀sà, láàárín àwọn ògiri òkúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1908, mítà 50 ni mo ń lò níbẹ̀, nígbà míì kó má tó bẹ́ẹ̀. Láti ńlá dé kékeré, díẹ̀díẹ̀ ni a ń rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá fò ó lójijì yóò rí ìgbì tí kò sí lókun rárá.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí: kí n sún mọ́ etí ọ̀sà ní Mákòkó lójú kọ̀ǹpútà, kí n máa wá onígun mẹ́ta tó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bí mo bá rí i, mo lè yí ìlà tó wà láàárín òun àti èkejì rẹ̀, tàbí kí n fa ṣóńṣó orí rẹ̀ sáàárín àwọn tó yí i ká. Láti 1928 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò Courant, Friedrichs àti Lewy ti fi yé wa pé, nínú irú ìṣirò yìí, ìgbì kò gbọdọ̀ fo onígun mẹ́ta kan kọjá ní ìgbésẹ̀ kan. Níbi tí omi ti jìn ní mítà 10, ìgbì ń sáré tó mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mítà 50 gba ìṣẹ́jú-àáyá 5. Àmọ́ bí oníkékeré mítà 1 bá fara pamọ́ síbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni gbogbo òkun yóò máa rìn, nítorí tirẹ̀ nìkan! Ìdí nìyí tí àwòrán aláràbarà kì í fi í wú mi lórí. Onígun mẹ́ta tó burú jù ni mo máa ń ní kí wọ́n fi hàn mí.

Síbẹ̀, àwọ̀n kò lè tún irọ́ ilẹ̀ ṣe. Òṣùwọ̀n gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Amẹ́ríkà wọ̀n láti ojú sánmà ní 2000 máa ń ka òrùlé àti orí igi sí ilẹ̀. Ẹ̀yin awọnlẹ̀, ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n tòótọ́ láti Ìṣẹ́rí dé etí ọ̀sà lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síta.