Rufus ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ rẹ̀ kò tó

Lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan la fẹ́ yẹ̀ wò. A ó sọ ibi tó dára, a ó sì sọ ibi tó kù sí. Rufus ni orúkọ rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà ni. Pete Batard ló ṣe é. Ó gbé e jáde ní ọdún 2011, kò sì gba owó lórí rẹ̀.

Kí ni Rufus ń ṣe? Kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ètò ńlá tó ń darí rẹ̀, irú bíi Windows tàbí Ubuntu. Nígbà kan, inú CD la ti ń rí i. Àwọn tó ni Ubuntu tilẹ̀ ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, títí di ọdún 2011. Nísinsìnyí, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń gbà á, a ó sì gbé e sórí clé USB, èyí kékeré tí a ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá kàn kó o sínú clé bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní jí láti ibẹ̀. Ó dà bí àpótí tí a gbé wálé tí a kò ṣí. Rufus ló ń tú àpótí náà, tó sì ń fi ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn án. Clé 8 GB tó fún un.

Mo yìn ín fún nǹkan kan sí i. Bí a bá ṣí i, clé nìkan ló ń fi hàn wá. Ó ń fi dísìkì inú kọ̀ǹpútà pamọ́, kí a má baà ṣèèṣì pa á rẹ́. Ẹni tó ro èyí mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn a máa ṣì.

Kí ló dé tí kò rò ó dé òpin? Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yóò pa gbogbo ohun inú clé rẹ́. Ó ń kìlọ̀, òótọ́ ni. Ó ń dárúkọ clé náà, ó sì ń sọ pé ohun inú rẹ̀ yóò parẹ́. Ṣùgbọ́n kò fi ohun náà hàn wá. Ìkìlọ̀ yìí wà ní èdè Faransé àti ní ọ̀pọ̀ èdè mìíràn. Kò sí ní Yorùbá.

Èmi gbọ́ Faransé o, síbẹ̀ mo ṣì í. Kọ̀ǹpútà kíláàsì wa ti gbó. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gbà lórí rẹ̀. Mo ní kí n fi Ubuntu sí i. Clé méjì wà níwájú mi, dúdú ni méjèèjì, 8 GB ni méjèèjì. Ohùn àwọn ìyá kíláàsì wa wà nínú ọ̀kan, tí wọ́n ń ka ìtàn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Mo ka ìkìlọ̀ náà, ó yé mi, mo tẹ OK. Èyí tí kò yẹ ni mo tì bọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà kú kí n tó lè bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ìtàn rẹ̀ kà.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, n kò sá fún un. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni mo kọ ìkìlọ̀ náà, báyìí ni ǹ bá kọ ọ́: «Ohùn 14 ló wà nínú clé yìí. Orúkọ wọn nìyí. Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́?»